Bí a ṣe wo fíìmù ọdún 1944 nínú pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni ó kàn mí láti gba ẹgbẹ́ wa lálejò. Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ni wá, gbogbo wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, a sì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti ilé dé ilé, kí á lè gba owó oṣù, kí á jíròrò lórí aṣọ tí a ó wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, kí á sì jẹun. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ti fẹ́ di ìdíje láàárín wa. Ẹni tó gbà wá lálejò ní oṣù Kejì pa àgùntàn, ó tún pe onílù. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì kò lè bá a du irú ipò bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ bá a du ú. Ohun tí mo fẹ́ràn ni fíìmù àtijọ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ sinimá ọ̀fẹ́ ti máa ń wá na aṣọ funfun sí pápá ilé-ìwé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dábàá pé bí ìpàdé bá ti parí, kí gbogbo wa jókòó wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí gbogbo ayé fi orúkọ Faransé pè ní film noir, ìyẹn fíìmù dúdú. Wọ́n gbà, mo rò pé torí kí wọ́n má bàa já mi kulẹ̀ ni.

Àwọn tó ṣe fíìmù wọ̀nyí kọ́ ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí ilẹ̀ Faransé wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì, fíìmù Amẹ́ríkà kò wọ ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ogun, èyí tí wọ́n ti ṣe láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ya wọlé pa pọ̀, àwọn tó ń kọ̀wé lórí fíìmù ní Paris sì ṣàkíyèsí ní ọdún 1946 pé ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣókùnkùn, àwòrán rẹ̀ pàápàá sì ti ṣókùnkùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó darí wọn, bí i Fritz Lang, Robert Siodmak àti Billy Wilder, ti ṣiṣẹ́ ní Berlin kí wọ́n tó sá kúrò níbẹ̀ nítorí Hitler, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lo òjìji níbẹ̀ ni wọ́n sì gbé dé Hollywood. Mo kọ èyí síwájú nítorí pé òun gan-an ló fa ìdajì wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn: fíìmù tí wọ́n fi òkùnkùn yà kò ṣeé wò nínú yàrá tí iná ń wọ̀.

Fíìmù tí mo yàn ni Double Indemnity, tí Wilder darí ní ọdún 1944. Aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan àti ìyàwó oníbàárà rẹ̀ ló gbìmọ̀ pọ̀ láti pa ọkọ obìnrin náà, kí wọ́n lè gba owó ìdójútòfò tó wà lórí ẹ̀mí rẹ̀. Èdè àwọn adójútòfò ni wọ́n fi sọ fíìmù náà lórúkọ: bí ikú bá ti ọ̀dọ̀ irú ìjàǹbá kan tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ wá, bí i kí ènìyàn já bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú irin, ìlọ́po méjì owó ni ilé-iṣẹ́ yóò san. Nínú ìtàn yìí, 50,000 dọ́là di 100,000. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni, nítorí pé ọ̀kan nínú wa ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ adójútòfò ní Èkó kó tó padà wá sílé. Mo ní bí kò bá tilẹ̀ dùn mọ́ ẹnikẹ́ni, yóò dùn mọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó kọ́kọ́ dàrú. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́, mo kọ ọ́ pé “Alẹ́ Fíìmù Dúdú: kí kálukú wọ dúdú àti funfun”. Kò tó wákàtí kan tí bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa fi pè mí lórí fóònù. Wọn kò dúró gba ìkíni mi.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Fíìmù ni a fẹ́ wò.”

“Fíìmù òkú ta ni?”

Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó là á yé wọn, mo sì rí i pé wọn kò jẹ̀bi: níbi tí a wà yìí, bí wọ́n bá ní kí odindi ẹgbẹ́ wọ dúdú wá sílé ẹnìkan lálẹ́, tí wọ́n tún dárúkọ fíìmù mọ́ ọn, ohun tí yóò sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ gbé àwòrán ìsìnkú ẹnìkan síta. Mo yí i padà. Mo ní kí kálukú wọ ohun tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin kankan má wá láìdé fìlà, torí pé nínú fíìmù wọ̀nyí àwọn ọkùnrin kì í ṣí fìlà àfi tí wọ́n bá fẹ́ sùn tàbí tí wọ́n bá kú. Èyí kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ta ni kò ní fìlà ní Ìjẹ̀bú?

Owó tí mo ná sórí ọ̀ṣọ́ ni mo kábàámọ̀ jù. Nínú fíìmù dúdú, ìbòjú onípélébé ló sábà máa ń wà lójú fèrèsé. Iná òde yóò gba àárín rẹ̀ kọjá, yóò fa ìlà dúdú àti funfun sára ògiri àti sójú ẹni tó bá dúró níbẹ̀, bí ẹni pé onítọ̀hún ti wà lẹ́yìn irin ẹ̀wọ̀n kí ọlọ́pàá tó dé. Mo fẹ́ irú rẹ̀ nínú pálọ̀ wa. Mo gbé 18,000 náírà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìnáwó, ó gé bébà dúdú ní ọ̀já gígùn gígùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó dà bí ẹni pé a fẹ́ kọ́ àtẹ̀gùn tí a kò parí.

Ní ọjọ́ méjì sí ìpàdé, èmi àti ìyàwó mi pa gbogbo iná ilé lálẹ́ láti dán pírójẹ́kítọ̀ wò. Bí ìyàwó mi ti pa iná tó kẹ́yìn, a dákẹ́ lójú kan náà. Ilé bàbá mi ni à ń gbé, ní Molípa, wọ́n kọ́ ọ nígbà tí fèrèsé onígíláàsì pélébé-pélébé ṣì gbòde. Màmá tó wà ní ilé kejì sì fi gílóòbù ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn nítorí olè. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà gba àárín gíláàsì wọlé, ó sì tò sára ògiri wa ní ìlà-ìlà, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gba orí tẹlifíṣọ̀n kọjá, ó gba orí àwòrán bàbá mi, ó sì fà gbọọrọ dé orí àga. Bí ìyàwó mi ti ń kọjá, ìlà náà ń gùn ún lára. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí gílóòbù yẹn ti wà níbẹ̀, n kò rí i rí, torí pé n kì í pa gbogbo iná ilé mi kí n tún dúró máa wo ògiri. Mo ya gbogbo bébà ọlọ́ṣọ̀ọ́ náà dànù lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n bí mo ti tan pírójẹ́kítọ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó ba àwòrán jẹ́. Ojú Barbara Stanwyck, tó ṣe ìyàwó oníbàárà nínú fíìmù náà, rí bí ojú ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ sí, gbogbo ibi tó yẹ kó dúdú sì di àwọ̀ eérú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò ni pé pírójẹ́kítọ̀ kò lè tan òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè tàn. Ibi tó bá dúdú nínú àwòrán, kò tan nǹkan kan síbẹ̀ ni, nítorí náà bí aṣọ tí o tan àwòrán sí bá ti mọ́lẹ̀ ṣáájú, bí ó ti mọ́lẹ̀ tó yẹn ni dúdú rẹ yóò ṣe mọ. Fíìmù aláràbarà lè fara da èyí. Fíìmù dúdú kò lè fara dà á.

A kó kúbùsù mẹ́fà jáde láti inú àpótí ìyá mi, a fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ojú fèrèsé. Èyí tó kù ni ẹnu ọ̀nà, tí a kò lè dí torí pé ènìyàn yóò máa wọlé yóò máa jáde, ibẹ̀ gan-an ni gílóòbù Màmá kọjú sí. Mo lọ bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n bá mi pa iná náà fún wákàtí mẹ́ta péré lálẹ́ Sátidé. Wọ́n ní bí olè bá wá ńkọ́? Mo ní ogún ènìyàn yóò wà nílé mi, olè wo ni yóò wá? Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Kí lẹ fẹ́ fi òkùnkùn ṣe?” Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn yóò pa á, ṣùgbọ́n àwọn yóò wá jókòó tì wá, kí àwọn lè rí ohun tí a ń ṣe nínú òkùnkùn ọ̀hún.

Aṣọ tí a na kò fa wàhálà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀dì funfun méjì ni a rán pọ̀, nítorí pé ẹyọ kan fẹ́lẹ́, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó wà lára ògiri ń yọ láti ẹ̀yìn. A sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ dáadáa, torí pé bí aṣọ bá rún, ẹnu gbogbo wọn yóò wọ́. Kò pọn dandan kí aṣọ náà fẹ̀: ìwọ̀n 1.37 sí 1 ni wọ́n ń yà fíìmù nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínà àti níbùú. Àwo fíìmù náà ni ó fẹ́ dójú tì mí. Ọmọ àbúrò mi ló rà á ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ DVD mi sì kọ̀ ọ́, ó ní kì í ṣe ti agbègbè tòun. Agbègbè 2 ni wọ́n fi àwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí, agbègbè 5 ni wọ́n fi Nàìjíríà sí, ẹ̀rọ tó bá ń tẹ̀lé òfin kò sì ní gba ti ara wọn. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí aláta tó wà lójú pópó fi ń wo fíìmù Yorùbá ni mo yá. Ó gbé àwo náà mì láìbéèrè ibi tó ti wá.

Iná mànàmáná ni mo ronú lé lórí jù lọ. N kò lè gbára lé iná ọba, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo, fíìmù tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé e ró kò sì lè bá ariwo jẹnẹrétọ̀ gbé pọ̀. Ínfátà ló kù. Bátìrì mi jẹ́ 12 volt, 200 ampere-hour, ìyẹn 2,400 wáàtì fún wákàtí kan bí ènìyàn bá fẹ́ fà á tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pẹ́ kò gbọdọ̀ fà á kọjá ìdajì. Pírójẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ DVD àti sípíkà ń jẹ ìwọ̀n 300 wáàtì. Fáànù méjì ń jẹ 150. Mo ṣírò rẹ̀ pé a ó rí ohun tó lé ní wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú 107 ni fíìmù náà. Mo fi ọkàn balẹ̀. Ohun tí n kò kà mọ́ ọn ni ẹnu àwọn ènìyàn mi.

Àwa méjìlélógún ni a jókòó ní alẹ́ Sátidé náà, pẹ̀lú àwọn ìyàwó, Bàbá, àti Màmá tí wọ́n gbé àga tiwọn wá. Ìyàwó mi ti ní kí a jẹ ìkókorẹ́ tán pátápátá kí a tó pa iná, torí pé òun kò fẹ́ fọ epo kúrò lára kúbùsù ìyá ọkọ òun; gúgúrú àti ẹ̀pà nìkan ló wọ inú òkùnkùn. Nígbà tí pírójẹ́kítọ̀ tàn, erukuru tí kúbùsù gbọ̀n sílẹ̀ ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo yàrá ń rùn káńfọ̀. Ó wù mí láti sọ fún wọn pé àwọn tó ya fíìmù náà fúnra wọn fẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin sínú afẹ́fẹ́ láti rí irú erukuru yìí nínú ilé obìnrin náà, ṣùgbọ́n fíìmù ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan tí ìbọn ti bà wọ ọ́fíìsì lóru, ó jókòó, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ pé òun ni òun pa Dietrichson, ìyẹn ọkọ obìnrin náà, nítorí owó àti nítorí obìnrin, pé òun kò rí owó náà gbà, òun kò sì rí obìnrin náà fẹ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta páànù sọ̀rọ̀ sókè:

“Wọ́n ti sọ ẹni tó pa á. Wọ́n tún ti sọ pé kò rí owó gbà. Kí la wá jókòó fún?”

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń rò ó bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, tí wọ́n ń yára sọ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò yé ìdajì wọn, àkọlé tó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán kò sì wúlò fún ẹni tí kò mú díńgí ojú wá. Mo dá fíìmù dúró, mo fẹ́ ṣàlàyé bí olùkọ́. Màmá ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n ní, “Ìwọ, nígbà tí wọ́n ń pàlọ́ Ìjàpá fún ọ, ṣé o ò mọ̀ pé ọwọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ ni? Ṣèbí o jókòó títí, o tún gbe orin. Bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ lo fẹ́ gbọ́. Jẹ́ ká gbọ́ bí ọwọ́ ṣe tẹ eléyìí.”

Mo ti ka ohun púpọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa fíìmù yìí, n kò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, mo pa àlàyé olùkọ́ tì. Ní ìgbà márùn-ún tí mo dá fíìmù dúró, mo ń ké “Ààlọ́ o!”, wọ́n ń dáhùn “Ààlọ̀!”, mo sì ń fi Yorùbá pa ohun tó ṣẹ̀ lálọ̀ọ́ kúkúrú kí n tó tún tan án: bí wọ́n ṣe tan ọkọ kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìdójútòfò tó rò pé ti mọ́tò ni, bí wọ́n ṣe pa á nínú mọ́tò, bí apànìyàn ṣe fi igi ìtilẹ̀ dípò ọkọ tó kán lẹ́sẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, tó sì bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé òkú sójú irin. Ibi kan wà tí n kò pa àlọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n gbé òkú sílẹ̀ tán, tí wọ́n sá wọ mọ́tò, tí obìnrin náà yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kò jí. Ó tún yí i. Kò jí. Nínú òkùnkùn, ẹnìkan láti ẹ̀yìn kígbe, “Ẹ tì í!”, gbogbo ilé sì gbà á, “Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í!”, títí kan Bàbá. Ọkùnrin àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pànìyàn ni a ń fẹ́ bá ti mọ́tò.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó fi ilé-iṣẹ́ adójútòfò fẹ̀yìntì ló gba ipò mi. Keyes, tí Edward G. Robinson ṣe, ni ọ̀gá tó ń yẹ ìwé àwọn tó bá wá gba owó wò. Ó ní ọkùnrin kékeré kan wà nínú ikùn òun tó máa ń ta òun ní kókó bí ìwé kan bá jẹ́ èké. Ẹni wa dìde dúró nígbà tó gbọ́ ọ. Ó ní òun náà ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nínú ikùn. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ kan tí n kò retí: ó ní ẹsẹ̀ ọkọ yìí ti kán ṣáájú, ìwé ìjàǹbá sì wà lórí rẹ̀, kí ló dé tí kò wá gba owó ẹsẹ̀? Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ kó sùn. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Keyes béèrè ìbéèrè kan náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà, kì í ṣe fún Keyes.

Àpàtẹ́wọ́ àti àlọ́ yìí ni wọ́n jẹ iná mi. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí fíìmù parí, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ohun tí mo lè yọ ni fáànù, mo sì yọ méjèèjì. Nínú yàrá tí kúbùsù mẹ́fà dí, tí èèyàn méjìlélógún wà, ooru dé ní kíá. Fìlà tí mo sọ di dandan bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyàwó ń fi ìwé ìpàdé fẹ́ ara wọn. Bàbá nìkan ni kò ṣí abetí ajá wọn. Kò sí ẹni tó jáde. Nígbà tí obìnrin inú fíìmù yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí kò lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, tó ní òun kò fẹ́ràn ọkùnrin náà rí àfi ní ìṣẹ́jú yẹn, ìyàwó mi ní “Irọ́ ni”, ìyàwó akọ̀wé ní òótọ́ ni, wọ́n sì ń bá a lọ títí Keyes fi ṣáná sí sìgá fún ẹni tó ti ń ṣáná fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan bínú pé a kò rí i kí wọ́n pa apànìyàn náà. Mo sọ fún wọn pé Wilder ya bí wọ́n ṣe pa á nínú yàrá afẹ́fẹ́ olóró, owó ńlá ni wọ́n sì ná sí i, ṣùgbọ́n ó gé e kúrò. Bàbá ní ó ṣe dáadáa. Wọ́n ní ẹni tó ti kú dúró, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi hàn wá?

Fún oṣù Kẹrin, wọ́n ti ní kí n wá fíìmù dúdú mìíràn, kò báà jẹ́ ilé ta ni a bá lọ. Detour ti ọdún 1945 ni mo ní lọ́kàn, nítorí pé kò pé ìṣẹ́jú 70, fáànù yóò sì ní bátìrì tirẹ̀.

Nígbà tí a ká kúbùsù lójú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, Màmá ti dé ilé wọn, wọ́n ti tan gílóòbù wọn padà. Ìlà náà tún tò sára ògiri àti sára bẹ́ẹ̀dì funfun, ó sì gba ojú ẹni wa kọjá níbi tó dúró sí, tó ń ṣàlàyé fún Bàbá pé bí wọ́n ṣe ní kí ọkọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn kò lè kọjá lójú òun. Ó ní kí n yá òun ní àwo náà, kí òun lè lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fún un, mo sì sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní gbà á. Ó ti lọ yá ti aláta.